280SL ọdún 1979 kan ní Ìbarà: wọ́n ní ₦40 mílíọ̀nù. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìtòkú kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ kí ẹ là mí lóye kí n tó kówó lé e.

Ilé kan wà ní GRA Ìbarà, l'Abẹ́òkúta níbí, tí mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Òkè-Ìléwó. Abẹ́ igi máńgòrò ni ọkọ̀ náà wà nínú ọgbà wọn, tàpólìn ni wọ́n fi bò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó. Oṣù tó kọjá ni mo ṣara gírí, mo wọlé, mo béèrè. Mercedes 280SL ni, onílẹ̀kùn méjì, èyí tó ń ṣí orí, ọdún 1979. Bàbá tó ni ín ti dolóògbé, àwọn ọmọ ló kù. Wọ́n ní tuntun ni bàbá àwọn rà á, òun nìkan ló sì wà á títí ara rẹ̀ ò fi gbé e mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dún kẹ́yìn. Ọ̀dà rẹ̀ jẹ́ búráùn, ó ti ṣá, nọ́ńbà OG àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀.

₦40 mílíọ̀nù ni wọ́n pè é. Ọmọkùnrin wọn kan tó wà ní Kánádà ló wo iye tí wọ́n ń ta 280SL ní Yúróòpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ó lé ní 100,000 yúrò, pé àánú mi ló ṣe àwọn.

Èmi ò ní ₦40 mílíọ̀nù. Ohun tí mo ti ń tù jọ láti ọdún mẹ́fà jẹ́ ₦12 mílíọ̀nù, àtúnṣe sì gbọ́dọ̀ jáde nínú rẹ̀. Ìbéèrè mi jẹ́ méjì: èló ni irú ọkọ̀ yìí tó ní tòótọ́? Bí ó bá sì di tèmi, èló ni yóò máa gbà lọ́wọ́ mi lọ́dọọdún? Mi ò rà á láti tún un tà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá yẹn a máa gbé e gba iwájú ilé wa ní Ìtòkú kọjá lọ́jọ́ Ìsinmi, orí rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, àwọn ìyá tó ń pa aró á dúró wò ó. Kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Bàbá Rewáyà kọ:

Ọmọ Ìtòkú, mo kí ọ. Kí o tó béèrè iye, béèrè ẹni tó ń tà á. Ogún ni. Ọmọ mélòó ni olóògbé bí? Ìyàwó mélòó ló ní? Ní Adátán níbí, mo mọ ọkùnrin kan tó ra ọkọ̀ lọ́wọ́ àkọ́bí, kò pé oṣù mẹ́ta tí àbúrò obìnrin fi kó ọlọ́pàá wá. Àgọ́ ni ọkọ̀ náà wà títí òjò fi pa á tán, àwọn ọmọ ìyá kan náà sì ń bá ara wọn rojọ́ lé e lórí.

Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé, èyí tó wà ní Kánádà náà. Kí ìwé ilé-ẹjọ́ tó fún wọn láṣẹ lórí ogún bàbá wọn wà ńlẹ̀. Kí pátíkúlà tó ní orúkọ bàbá wà pẹ̀lú. Bí kò bá sí èyí, ₦4 mílíọ̀nù gan-an ti wọ́n jù.

Ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá kọ:

Àbúrò, láti 1988 ni mo ti wà lábẹ́ Mercedes ní Láfẹ́nwá níbí, mo sì ti fọwọ́ kan irú ọkọ̀ yẹn mẹ́ta. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn.

Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, M110 ni à ń pè é: sílíńdà mẹ́fà, 2,746 cc, kámù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) méjì lórí, agbára ẹṣin 185. Òun náà ló wà nínú 280E, sálúùnù tí àwọn ọ̀gá ìjọba àti oníṣòwò ńlá ń gùn láyé ọjọ́un. Ìdí nìyẹn tí gaskẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ríìngì rẹ̀, pọ́ǹpù omi rẹ̀, títí kan tọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, ṣe ṣì wà ní Ládípọ̀ l'Ékòó àti ní Àrárọ̀mí n'Íbàdàn, bí èèyàn bá mọ ẹni tó máa bá. Ṣéènì ló ń yí kámù rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì. Ṣéènì máa ń pariwo kó tó ṣe ọ́ ní jàǹbá, ó ń fún èèyàn láyè.

Èyí tí kò dùn ni bó ṣe ń mu epo. Ẹ̀rọ Bosch kan tó ń jẹ́ K-Jetronic ló wà níbẹ̀. Kò ní kabúrétọ̀, kò sì ní kọ̀ǹpútà. Ìkòkò irin kékeré kan ló ń pín epo sí nọ́súlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ìkòkò náà tó ń lọ sókè sódò, àlàfo tó wà láàárín òun àti ilé rẹ̀ ò tó ìbú irun orí. Epo tó ti jókòó sínú táǹkì fún ọdún mẹ́rìnlá, omi ti wọ̀ ọ́, ó ti ń fà bí ọ̀dà, ó sì ṣeé ṣe kó ti lẹ ọ̀pá yẹn pa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o jẹ́ kí òun gbé bátìrì sí i kí òun kàn tẹ̀ ẹ́ wò, má gbà fún un. Ìdọ̀tí inú táǹkì ni yóò fà wọ inú ìkòkò náà, nọ́súlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á sì bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni yóò sọ pé ká yọ gbogbo rẹ̀ dànù ká fi kabúrétọ̀ rọ́pò. Mo ti rí i, ọkọ̀ náà rìn. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ já wálẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí ẹni tó mọ ohun tó ń wá á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ara ọkọ̀ gan-an ló ń jẹ owó. Ẹ́ńjìnnì lè gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ara rẹ̀ lè gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ panẹli-bítà tó mọṣẹ́. Mú mágínẹ́ẹ̀tì lọ: irin ló ń gbá mú, kì í gbá fíláà mú, ìyẹn ohun bí amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ibi tí irin ti jẹrà. Fi kan abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, ibi tí à ń ti jáàkì bọ̀, etí ihò táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilẹ̀ inú búùtù. Ká rọ́ọ̀gì iwájú sókè lápá méjèèjì, kí o fọwọ́ tẹ irin abẹ́ rẹ̀. Bí o bá bá omi níbẹ̀, pè mí kí o tó dárúkọ iye kankan.

Àkànní Leeds kọ:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti inú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iye, torí mo ti rí ibi tí ọmọ tó wà ní Kánádà yẹn ti ṣì í.

280SL méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ṣe títí di 1971, tí àárín orí onírin rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí gàárì. Pagoda ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè é. Òun àti 230SL àti 250SL tó ṣáájú rẹ̀, láti 1963, gbogbo rẹ̀ ò pé 49,000. Ìyẹn ni èyí tó mọ́ kedere máa ń lé ní 100,000 yúrò. Èkejì ni ti bàbá Ìbarà, R107 ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ṣe R107 láti 1971 títí di 1989, ó lé ní 237,000 tó jáde, 280SL tirẹ̀ sì jẹ́ ti 1974 sí 1985. Orúkọ kan náà, ọkọ̀ ọ̀tọ̀. Ní Jámánì, R107 280SL tó dára, tó ń rìn, tí ìwé rẹ̀ pé, máa ń wà láàárín 20,000 sí 40,000 yúrò. Èyí tó ti dúró ọdún mẹ́rìnlá tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà rẹ̀, ìdá mẹ́ta ìyẹn ni èmi á fi bẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní bínú bí wọ́n bá tà á fún ẹlòmíràn.

Ìròyìn tó ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì tún ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ní 2022, Mercedes ta 300 SLR Uhlenhaut Coupé kan ní 135 mílíọ̀nù yúrò. Látìgbà náà, gbogbo ẹni tí bàbá rẹ̀ fi Mercedes àtijọ́ sílẹ̀ ló rò pé wúrà ló wà nínú gáréèjì. Irú ọkọ̀ yẹn, méjì péré ni wọ́n ṣe.

Àbúrò, jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ, torí ó dùn mí títí dòní. Ní 2011, mo ra Porsche 944 kan níbí ní 2,800 pọ́ùn. Pupa, ó ń dán, ó dún dáadáa. Mi ò béèrè ìwé tó fi hàn ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń yí kámù rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti ṣe é, mo sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́. Oṣù kẹrin ni bẹ́líìtì já lójú ọ̀nà. Nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, bí bẹ́líìtì bá já, písítìnì á lọ kọlu fáàfù. Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló tẹ̀. Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ju iye tí mo ra ọkọ̀ náà lọ, ó sì ṣì jókòó sẹ́yìn ilé mi fún ọdún kan kí n tó rí owó náà. Lẹ́yìn náà ni mo rí 944 mìíràn tí wọ́n ń tà ní 4,500, tí gbogbo rìsíìtì rẹ̀ pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyẹn ni mo ní àǹfààní láti rà tí mi ò rà.

Àgbà Aké kọ:

Ẹ wo ibi tí sitiárìn wà. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni a kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Mo ti ń wa ọkọ̀ nígbà náà. Pagoda tó bá wọlé sọ́dọ̀ wa ní tuntun, ọwọ́ ọ̀tún ni sitiárìn rẹ̀ máa wà. Ti 1979, ọwọ́ òsì. Ẹ fi ìyẹn hàn wọ́n, wọ́n á rí i pé ọ̀kan kọ́ ni.

Ọmọ Ìtòkú kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ọwọ́ òsì ló wà. Ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá, Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ ṣeun, màá lọ wò ó ní Sátidé.

Ìbéèrè kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Mo gbọ́ pé Kọ́sítọ́ọ̀mù ò jẹ́ kí ọkọ̀ tó ti gbó wọlé mọ́. Bí irú rẹ̀ ò bá lè wọlé mọ́, ṣé ìyẹn ò sọ èyí tó wà nílẹ̀ di ohun iyebíye?

Ajẹ́ǹtì Ìdí-Ìrókò kọ:

Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Ọdún 15 ni òfin fi dè é tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá gé e sí 12. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún 12 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kò gbọ́dọ̀ wọlé. Láti oṣù Kìíní 2017, kò sì sí ọkọ̀ kankan, ìbáà ṣe tuntun, tó lè gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́; etíkun nìkan ló kù. Mo ti rí ẹni tó ra BMW àtijọ́ kan ní Kútọnu, tó rò pé òun máa bá wa sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ náà ò kúrò ní Kútọnu.

Ẹ wo bí ó ṣe rí níbòmíràn. Ní Jámánì, bí ọkọ̀ bá pé ọdún 30, tó sì mọ́, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà tó ní lẹ́tà H, owó orí rẹ̀ lọ́dún ò ju 191.73 yúrò lọ. Ní Ìlú Ọba, bí ó bá ti lé ní 40 ọdún, kì í san owó orí ọkọ̀, wọn kì í sì fi dandan mú un lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ orí ń dá ọkọ̀ lọ́lá. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń dá a padà lẹ́nu ibodè.

Fún ìdí èyí, èmi ò rò pé ₦15 mílíọ̀nù pọ̀ jù fún un. Èyí tó bá bàjẹ́ lónìí, kò sí òmíràn tó ń bọ̀.

Ìyá Páàtì kọ:

Ajẹ́ǹtì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ yín parí sí, mi ò sí níbẹ̀. Ọ̀wọ́n ọjà àti iye ọjà kì í ṣe ohun kan náà. Iye ni ohun tí ẹni tó dúró níwájú rẹ á kà sílẹ̀. Ó lé ní ọdún 19 tí mo ti ń ta páàtì Mercedes, ilé mi wà ní Aṣẹ́rò, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ládípọ̀. Àwọn oníbàárà tó wá páàtì SL lọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọdún yìí, mẹ́rin péré ni. Bí Ọmọ Ìtòkú bá ra èyí lónìí, tí àìsàn dé, tó ní kóun tà á lọ́la, ta ni yóò rà á ní Ìbarà? Jeep ni ọlọ́wó wa ń wá.

Òfin tó ní kí ọkọ̀ má wọlé, ó jẹ́ kí páàtì náà ṣọ̀wọ́n pẹ̀lú, torí inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó bàjẹ́ la ti ń tú èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà wa. SL tí wọ́n máa tú kò sí. Nítorí náà, ohun tó ṣì wà lára ọkọ̀ yẹn ni kí o fi díwọ̀n rẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan tí kò bá sí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbowó: o máa fi yúrò rà á, o sì máa fi náírà gbé e wọlé.

Oníbàárà mi kan wá gíláàsì iná ẹ̀yìn fún 450SL, tó jẹ́ R107 bíi ti bàbá yẹn. Gíláàsì yẹn ní ìlà-ìlà tó jìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dìídì ṣe é kí ẹrọ̀fọ̀ má bàa bò ó tán. Ti 280E ò lè bá a mu. Oṣù mẹ́rin la fi dúró dè é láti Jámánì. Owó tí a fi san án lójọ́ tí ó dé, ó tó ra iná ẹ̀yìn sálúùnù mẹ́wàá lọ́wọ́ mi. Gíláàsì kan péré! Kò tíì sí bọ́ńpà níbẹ̀, kò tíì sí orí aláṣọ, kò tíì sí àwọn irin dídán etí ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, àbúrò mi, mú ìwé àti bírò lọ ní Sátidé. Yí ọkọ̀ náà po. Gbogbo ohun tí o bá retí láti rí tí o ò rí, kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ọbàńtokò kọ:

Kí ló dé tí kò fi ra 504 Coupé? Mo mọ ibi tí ọ̀kan wà. Kàdúná ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní 1975, páàtì rẹ̀ kún ìgboro. Tàbí Karmann Ghia, abẹ́ Volkswagen ìjàpá ló ní, mẹkáníìkì abúlé gan-an lè tún un ṣe.

Ìyá Páàtì kọ:

Ẹ́ńjìnnì àti jíà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Pininfarina ní Ítálì ló ṣe ara 504 Coupé. Ilẹ̀kùn rẹ̀, gíláàsì rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sí èyí tó bá ti Kàdúná mu. Karmann Ghia náà rí bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ò jọ ti ìjàpá. Wọ́n rọrùn ju SL lọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe wọ́n ló gba iwájú ilé wọn kọjá ní Ìtòkú.

Ọmọ Ìtòkú kọ:

Mo ti lọ, mo ti dé. Ẹ jókòó, ó gùn díẹ̀.

Ọmọ bàbá náà obìnrin tó kéré jù ló gbà mí lálejò. Àwa méjèèjì la ká tàpólìn. Ewé máńgòrò tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó àpò kan, ó ti di dúdú, ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú bí àmàlà. Mágínẹ́ẹ̀tì mi, ara ṣípíkà àtijọ́ ni mo ti yọ ọ́, mo fi aṣọ wé e kó má bàa ha ọ̀dà. Abẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún gbá a mú pàì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Abẹ́ ilẹ̀kùn òsì gbá a mú, ó gbá a mú, nígbà tó di nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan sí táyà ẹ̀yìn, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé e padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń bọ́. Fíláà ni. Búùtù mọ́. Etí ihò táyà mẹ́ta dára, ti ẹ̀yìn òsì náà ló ti ń wú.

Mo ká rọ́ọ̀gì. Lápá ìwakọ̀, ó gbẹ. Lápá kejì, fóòmù abẹ́ rẹ̀ tutù, òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún nìyẹn, òórùn rẹ̀ dà bí aṣọ tí a ká láìgbẹ. Mo fi àtàǹpàkò tẹ irin, èèpo pupa ṣí mọ́ mi lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Irin náà ò lu, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́lẹ́. Ọkàn mi já wálẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí kò sí lára rẹ̀: irin dídán ilẹ̀kùn òsì, rédíò, ìbòrí ihò táyà kan. Orí aláṣọ wà, ó ti ya níbi fèrèsé ẹ̀yìn. Gíláàsì iná ẹ̀yìn méjèèjì pé, Ìyá Páàtì, mo kọ́kọ́ wo ìyẹn. Nọ́ńbà ṣáàsí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 107.042, ti ara bọ́dì bá ti inú ìwé mu.

Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni obìnrin náà béèrè bóyá mo fẹ́ rí “ìdérí rẹ̀”. Ó mú mi lọ sí ilé ẹ̀yìn. Orí onírin ọkọ̀ náà ni! Wọ́n fi okùn mẹ́rin so ó kọ́ sábẹ́ àjà, wọ́n fi áńkárá ìyá wọn bò ó. Kò ní ìfà kan. Ó tún gbé páànù bísíkíìtì kan jáde, ó kún fún rìsíìtì. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti 1979, ìkẹyìn ti 2011. Bàbá náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kìlómítà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà tó kọ sí pé: “Bíréèkì iwájú. Má gbà kí wọ́n lo òmíràn.”

Ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá kọ:

O ṣe dáadáa. Jẹ́ kí n sọ ibi tí omi yẹn ti wọlé fún ọ, torí kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Lábẹ́ gíláàsì iwájú, ihò wà níbi tí òjò ń gbà ṣàn jáde. Ewé máńgòrò ti dí i. Omi ò ríbi lọ, ó kún, ó wá gba ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ọkọ̀, ó sì ń jẹ irin tó ya ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ èèyàn. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ yìí ti ń kú. Láti dé ibẹ̀, a gbọ́dọ̀ tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù, a gbọ́dọ̀ tú híítà, ká tó lè gé irin tó ti jẹrà ká jó tuntun mọ́ ọn. Igi tí wọ́n gbé e sábẹ́ rẹ̀ nítorí òjò àti oòrùn ni ó pa á lára.

Bí ó bá jẹ́ pé ó ti lu, mi ò bá ní kí o fi í sílẹ̀. Kò tíì lu. Ṣùgbọ́n fún ara rẹ̀ nìkan, ya ₦3 mílíọ̀nù sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ epo, bíréèkì, rọ́bà gbogbo, táyà, má kà á sí ohun tó dín ní ₦2 mílíọ̀nù, bí ìkòkò epo yẹn bá ṣeé fọ̀. Má kọjá ₦7 mílíọ̀nù lọ́wọ́ wọn.

Àkànní Leeds kọ:

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ọn, àyàfi ibì kan. Páànù bísíkíìtì yẹn ní iye tirẹ̀. Ọdún 32 rìsíìtì, ẹni kan ṣoṣo tó ni ín, nọ́ńbà tó bára mu, orí onírin tirẹ̀ gan-an: bí ọkọ̀ méjì bá wà níwájú mi tí ara wọn rí bákan náà, èyí tó ní ìwé yìí ni mo máa fowó lé. Bí wọ́n bá ní ₦8 mílíọ̀nù pẹ̀lú páànù àti orí onírin, má torí ₦1 mílíọ̀nù pàdánù rẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àwọn méjèèjì wà nínú ohun tí wọ́n tà.

Ìyá Páàtì kọ:

O béèrè ohun tí yóò máa gbà lọ́dọọdún, kò tíì sí ẹni tó dá ọ lóhùn.

Ti ìjọba kéré. Ìnṣọ́ràǹsì tó kéré jù fún ọkọ̀ aládàáni jẹ́ ₦15,000 láti 2023, ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Ìwé VIO àti àwọn tó kù ò ní wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ti epo ni kí o ronú sí. Fi lítà 15 sí kìlómítà 100. Láti ibí dé Èkó àti àbọ̀ rẹ̀, lítà 30 nìyẹn. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ₦27,000 ti lọ. Táǹkì rẹ̀ ń gba nǹkan bí lítà 90. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ẹni tó bá kún un dé ẹnu kì í ná ju bí ₦17,000 lọ. Ní ₦900 yẹn, ₦81,000 ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń lé àwọn èèyàn sá fún ọkọ̀ yìí ni dọ́là. Kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti lé ní ₦1,500. Páàtì tí mo ta fún oníbàárà kan ní 2022, nígbà tó padà wá gba ìkejì rẹ̀, ó rò pé mo fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni. Nítorí náà, má ṣe tọ́jú owó ọkọ̀ náà ní náírà. Lọ́dọọdún, ra ohun tí ọkọ̀ náà máa nílò lọ́dún tó ń bọ̀, kí o kó o sínú àpótí: rọ́bà, fílítà, pọ́ǹpù epo kan. ₦1.2 mílíọ̀nù lọ́dún ni èmi á yà sọ́tọ̀, lẹ́yìn epo. Ọdún tí o kò bá ná an tán, má fọwọ́ kàn án.

Kí o sì bá mi gbé e kúrò lábẹ́ igi yẹn kí òjò mìíràn tó rọ̀.

Ọmọ Ìtòkú kọ:

Àná la parí rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n, ìyàwó kan ṣoṣo ni bàbá ní. Mo fi fọ́tò Pagoda àti ti R107 hàn èyí tó wà ní Kánádà lórí fóònù, mo sọ ọ̀rọ̀ sitiárìn tí Bàbá Aké sọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé ọkọ̀ méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Mo sì mú wọn dé ibi rọ́ọ̀gì tó tutù, mo jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Mi ò pẹ̀gàn ọkọ̀ bàbá wọn, mo kàn ka ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ fún wọn bí ó ṣe wà.

₦7.5 mílíọ̀nù, pẹ̀lú orí onírin àti páànù rìsíìtì. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fọwọ́ sí i, ìwé ilé-ẹjọ́ wà, Bàbá Rewáyà. Obìnrin tó kéré jù ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ rìn, kí n gbé òun lọ sí ìsìn ní Aké nínú rẹ̀, níbi tí bàbá máa ń gbé òun lọ.

Ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká fi okùn fà á wá sọ́dọ̀ yín ni?

Ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá kọ:

Rárá o. Bíréèkì rẹ̀ ti gan, ọ̀nà ibẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀. Wá ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ sẹ́yìn, mo mọ ẹnì kan ní Ìta-Ọṣìn, màá fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Fọ́ afẹ́fẹ́ sí táyà kí ó tó dé, kí ẹ fi ọwọ́ tì í gòkè. Bátìrì, má mú un wá. Kọ́kọ́rọ́, má kì í bọ̀ ọ́. Mo ti gba àyè sílẹ̀ fún un lábẹ́ páánù, lápá ibi tí òjò ò lè dé.